Ẹ̀rọ Agégi: Èyí tí A Ń Fi Síkúrù Tún Ṣe Ni àbí Èyí tí Ó Ní Kọ̀ǹpútà Nínú?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogboogbò ẹ̀ka

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan owó oṣù kí a tó sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ agégi ni.

Gbogbo yín ti gbọ́ pé àwọn ọ̀gá fẹ́ ra ẹ̀rọ agégi tuntun fún àwọn tí ń gé igi nínú igbó àti àwọn tí ń gé e kúkúrú ní àgbàlá ilé-iṣẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí ẹ̀ka pé irú tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú ni àwọn ń wò, pé kò sí síkúrù epo lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò máa fọwọ́ yí, pé nítorí náà ẹ́ńjìnnì kò ní máa jóná mọ́. Wọ́n ní kí a fèsì. Kò wọ́pọ̀ kí ọ̀gá bi òṣìṣẹ́ léèrè nípa irinṣẹ́ kí ó tó rà á, nítorí náà a kò gbọdọ̀ dáhùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà agégi àti àwọn mẹkáníìkì wa, a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tibi-tire. Ohun tí a rí ni a gbé wá yìí.

Kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ẹ̀rọ agégi rí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà bí ti jẹnẹrétọ̀ kékeré nì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo pẹtiróòlù rẹ̀. Kò ní ọ́ìlì lọ́tọ̀ nínú ikùn bí ti mọ́tò. Ọ́ìlì tí ó wà nínú epo náà ni ó ń fi ọ̀rá pa písítìnì lára. Bí epo tí ń wọlé bá kéré sí afẹ́fẹ́, ooru yóò pọ̀, ọ́ìlì yóò sì dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Písítìnì yóò wú, yóò ha sílíńdà, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì, bí àwọn mẹkáníìkì ti ń wí. Bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín yóò pọ̀, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, agbára yóò dín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní tètè kú. Àárín méjèèjì ni a ń wá. Ẹni tí yóò máa wá a fún wa ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dá lé.

Ẹ̀rọ tí a ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní síkúrù mẹ́ta lára kabúrétọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ L sí ń ṣe àkóso epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ H sí ń ṣe àkóso epo nígbà tí a bá tẹ tọ́tù dé ìdí. Ẹ̀kẹta, tí àwọn kan kọ LA sí tí àwọn mìíràn kọ T sí, kò kan epo. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú nígbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí tọ́tù. Bí a bá yí L tàbí H sí ọ̀tún, epo dín. Bí a bá yí i sí òsì, epo pọ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ nu asẹ́ afẹ́fẹ́, yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó tó mú síkúrúdiráfà rárá. Yóò tún L ṣe títí ẹ̀rọ yóò fi máa dáhùn kíá bí a bá ti tẹ tọ́tù. Yóò tún LA ṣe kí ẹ̀wọ̀n má baà máa yí nígbà tí kò sẹ́ni tí ó tẹ tọ́tù, nítorí ẹ̀wọ̀n tí ń yí fúnra rẹ̀ lè gé ẹni tí ó gbé e bí ó ti ń rìn láti ìdí igi kan sí ìdí òmíràn.

H ni iṣẹ́ àgbà. A ó tẹ tọ́tù dé ìdí láì fi ẹ̀rọ kan igi. Ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ tó yóò máa kólòlò díẹ̀. Bí a bá wá fi í sínú igi, ìkólòlò náà yóò dá, ohùn rẹ̀ yóò là gaara. Bí ó bá ń kólòlò síbẹ̀ nínú igi, epo ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí kò bá kólòlò rárá lókè, tí ó kàn ń han goooro bí ẹni ń súfèé, epo ti kéré nìyẹn, ikú sì ti ń bọ̀. Ẹ̀tàn tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ kéré máa ń lágbára, ó máa ń sáré, ó máa ń dùn ún gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti tún ẹ̀rọ ṣe ní ọjọ́ tí ó pa á. Ẹ̀tàn kejì tún wà: kọ́ìlì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ní ohun kan nínú tí ń gé iná kù bí ìyára bá ti pọ̀ jù, ohùn èyí sì jọ ìkólòlò epo. Etí tí kò ní ìmọ̀ kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìdí nìyí tí àwa fi sọ pé aago kékeré tí ń ka bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ìwé ìlò ẹ̀rọ kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá sílẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ líle máa ń wà láàárín 13,000 sí 14,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan.

Èyí tí ó ní kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ èéfín ni ó kọ́kọ́ ti àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ sí i. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de èéfín ẹ́ńjìnnì kéékèèké ní ọdún 1995, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1997, àwọn ìjọba Yúróòpù sì ṣe tiwọn ní òfin ọdún 2002. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi ìdérí sórí síkúrù kí ó má baà ṣeé yí ju díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀. Husqvarna pe tirẹ̀ ní AutoTune, STIHL pe tirẹ̀ ní M-Tronic. Ní ọdún 2019, STIHL tún gbé MS 500i jáde, tí kò tilẹ̀ ní kabúrétọ̀ mọ́. Ìnjẹ́kítọ̀ ni ó ń fún un ní epo.

Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì tí ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ni ó ń fún kọ̀ǹpútà náà ní iná. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le láti lóye. Bí ìyá tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná ni ó ń ṣe: yóò bu epo kù díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, yóò wo bí ìyára ẹ́ńjìnnì ti yí padà, yóò fi kún un, yóò tún wò ó, ibi tí ó bá ti dára ni yóò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ láì sinmi.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Nígbà tí Pijó 504 alákabúrétọ̀ ń rìn káàkiri ilẹ̀ yìí, kò sí ìdí igi tí ènìyàn kò ti lè rí mẹkáníìkì tí yóò tú kabúrétọ̀ rẹ̀, tí yóò fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, tí yóò sì tò ó padà. Nígbà tí mọ́tò oníbíréènì-bọ́ọ̀sì dé, epo tí ó ń jẹ dín kù, ó ń tètè tan láàárọ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá dákú láàárín Orè àti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ mọ ohun tí ojú yín ti rí. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ tí a ń kì bọ̀ ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò yóò kàn máa pààrọ̀ ẹ̀yà kan tẹ̀ lé òmíràn ni, owó yín ni ó sì fi ń kọ́ṣẹ́.

A kò ní tàbùkù kọ̀ǹpútà yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ tutù, ó sì kí, ẹ̀rọ tí a tún ṣe ní ọ̀sán àná lè máa ṣàìní epo ní aago méje àárọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò fi kún un kí agégi tó mọ̀. Eruku ọyẹ́ kan náà yóò dí asẹ́ lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà yóò bu epo kù. Ẹ sì rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo pẹtiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń mu irú epo bẹ́ẹ̀ nílò kí ó mu púpọ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹni pé a ti yí síkúrù H sí ọ̀tún ni. Ẹ̀rọ onísíkúrù kò lè mọ̀ pé epo ti yí padà. Agégi náà kò sì mọ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò gbìyànjú, níwọ̀n ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n mẹ́tánọ́ọ̀lù kan náà a máa ba awọ rọ́bà inú kabúrétọ̀ jẹ́, ìyẹn kò sì yọ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ohun tí ó wú wa lórí jù lọ nínú ti kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ etí. Ariwo ẹ̀rọ agégi lé ní 100 désíbẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá etí ẹni tí ó gbé e. Ẹni tí ó fẹ́ fi etí tún H ṣe yóò ṣí ìbòtí rẹ̀ kúrò kí ó tó lè gbọ́ ìkólòlò náà. Bí ó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, etí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ náà yóò jẹ. Nínú àwọn àgbà tí ó kọ́ wa bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, a rí àwọn tí ó jẹ́ pé a ní láti pè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fẹ́ ẹ̀rọ tuntun nítorí pé a fẹ́ràn àtijọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ etí yìí dá a lóhùn.

Ó wá ku ohun tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ìwé àwọn ọ̀gá sọ pé ẹ́ńjìnnì kò ní jóná mọ́. Èyí kì í ṣe òótọ́. Kọ̀ǹpútà ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Kò lè tọ́ ọ́ìlì wò. Bí a bá po epo lítà 5, ọ́ìlì tí ó dára tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì yìí gbọdọ̀ jẹ́ mìlílítà 100, èyíinì ni ìpín kan nínú àádọ́ta. Bí ọ́ìlì náà kò bá jẹ́ irú tí ìwé ìlò fọwọ́ sí, àwọn ìwé kan ní kí a sọ ọ́ di 200. Bí ọ̀gá ibi ìkóhunpamọ́ bá fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, tí ó fojú dá a, tàbí tí ó ń fi ọ́ìlì pamọ́ fún ara rẹ̀, ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà yóò nọ́ọ̀kì gẹ́gẹ́ bí ti onísíkúrù. Kò sì mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ti kú, kò mọ̀ pé a kò tíì pọ́n ọn. Omi inú kẹ́ẹ̀gì epo kò ṣe é sọ di pẹtiróòlù.

Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ó lè bo àìsàn mọ́lẹ̀. Bí rọ́bà kan bá la, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, ẹ̀rọ onísíkúrù yóò ké: yóò máa sáré nígbà tí ó yẹ kí ó rọra, ohùn rẹ̀ yóò yàtọ̀, agégi yóò pa á, yóò gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà yóò máa fi epo kún epo láti fi dí àléébù náà, iṣẹ́ yóò máa lọ, títí ihò náà yóò fi tóbi ju ohun tí epo lè dí. Nígbà náà ni yóò wá kú lójijì, wọn yóò sì bi agégi pé kí ni ó ṣe.

Kí ni ó ṣe? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ibi owó oṣù. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ẹ̀ka mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, wọ́n ní agégi ni ó fọwọ́ yí síkúrù rẹ̀, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Bí a bá gba ẹ̀rọ tí kò ní síkúrù, ọ̀rọ̀ náà kò ní tán, yóò kàn yí ohùn padà ni. Wọn yóò ní ẹ̀rọ yìí ń tún ara rẹ̀ ṣe, kò lè ṣàṣìṣe, nítorí náà ọwọ́ rẹ ni ó bà á jẹ́.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 1974, sọ ní abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó kankan nínú owó òṣìṣẹ́ àfi èyí tí òfin fọwọ́ sí. Ti ohun èlò tí ó bàjẹ́, òṣìṣẹ́ náà gbọdọ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí kí ó ṣe àìbìkítà, agbanisíṣẹ́ sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ kí ó tó yọ kọ́bọ̀ kan. Àṣẹ yìí gbọdọ̀ ṣáájú ìyọwó. Ọ̀gá kan kò lè jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó fi bírò pupa dá ẹjọ́ náà.

Písítìnì fúnra rẹ̀ sì máa ń jẹ́rìí. Bí a bá tú ẹ́ńjìnnì tí ó nọ́ọ̀kì, kí a wo ìhà tí písítìnì ti ha. Bí ó bá jẹ́ ìhà tí èéfín ń gbà jáde ni, epo ni ó kéré, tàbí ọ́ìlì kò tó, tàbí ooru pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ìhà tí epo ń gbà wọlé, tí ara rẹ̀ rí bí ohun tí a fi yanrìn fọ̀, eruku ni ó wọlé. Asẹ́ ti ya tàbí kò jókòó dáadáa. Ìbéèrè tí ó kàn ni ta ni ó po epo, àti ìgbà wo ni wọ́n fún agégi ní asẹ́ tuntun kẹ́yìn. A ti bẹ̀ ẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì wa má ṣe da irú písítìnì bẹ́ẹ̀ sí orí ààtàn mọ́. Kí wọ́n so ìwé mọ́ ọn, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n gbé e fún akọ̀wé ẹ̀ka.

Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ní ẹlẹ́rìí kejì, èyí ni a kò rò tẹ́lẹ̀ kí àwọn mẹkáníìkì tó ṣàlàyé rẹ̀. Ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ nínú ara rẹ̀: iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ àti àléébù tí ó ti rí. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè kà á. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bá fún ní irinṣẹ́ ìyẹ̀wò rẹ̀ ni ó lè kà á, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kò sí ní J4 nínú igbó Ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ni yóò máa gba èsì náà, ẹlẹ́rìí tiwọn ni yóò jẹ́. Bí àwa náà bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á, ó lè gba òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, èrò ìgbìmọ̀ nìyí. Àwọn ẹ̀rọ tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní àgbàlá ilé-iṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ oníkọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kò tíì mọ ohùn ẹ̀rọ, ariwo pọ̀ níbẹ̀ ju ti igbó lọ, ọ̀nà ìlú sì súnmọ́. Àwọn tí ń wọ igbó, tí ó jẹ́ pé àárín ọ̀sẹ̀ mọ́tò kì í lọ síbẹ̀, kí wọ́n máa gba onísíkúrù. Síkúrúdiráfà kan, awọ rọ́bà tuntun fún kabúrétọ̀, asẹ́ kan àti púlọ́ọ̀gì méjì, gbogbo rẹ̀ wọ inú àpò ṣòkòtò, wọ́n sì lè sọ ẹ̀rọ di alààyè padà lábẹ́ igi mèláínà. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákú níbẹ̀ yóò ru ẹ̀rọ lórí ni títí yóò fi dé ojú títì, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá sí ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ mẹkáníìkì tiwa, tí wọ́n sì gbé irinṣẹ́ ìyẹ̀wò náà fún un, kí a tún ọ̀rọ̀ ti igbó gbé yẹ̀ wò.

Àwọn kan láàárín wa kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní onísíkúrù ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí kò bá kọ́ ti tuntun ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn alákabúrétọ̀ ojú títì. Ẹ̀kọ́ ni kí a béèrè fún wọn, kí a sì béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó san owó ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ó ju síkúrù àti kọ̀ǹpútà lọ, tí ìwé àwọn ọ̀gá kò mẹ́nu kàn. Àwọn ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ tí a ṣì ń fi la pákó nínú igbó, ọ̀pọ̀ wọn kò ní búréèkì ẹ̀wọ̀n, rọ́bà tí ó yẹ kí ó gba ìgbọ̀nrìrì kúrò lọ́wọ́ agégi sì ti kú lára àwọn mìíràn. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ni ó ń pa ìka àwọn ènìyàn wa kú, tí ìka a máa di funfun nígbà òtútù. Èyíkéyìí tí wọ́n bá rà, kí búréèkì wà lára rẹ̀, kí rọ́bà rẹ̀ pé, kí ìbòtí, bàtà àti ṣòkòtò agégi sì bá a wá nínú owó kan náà.

Akọ̀wé ní ìwé èsì náà lọ́wọ́, yóò kà á báyìí. Ìlà kẹrin ni kí ẹ fi etí sí, èyí tí ó sọ pé a kò ní yọ owó ẹ́ńjìnnì kankan nínú owó òṣìṣẹ́ láì jẹ́ pé aṣojú ẹ̀ka wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u, láì sì rí ìwé àṣẹ ìjọba. Àwọn ọ̀gá lè ní kí a yọ ìlà yẹn kúrò kí wọ́n lè tètè ra ẹ̀rọ. Ẹ sọ fún wa bóyá kí a yọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní kí ó dúró, kí ó nawọ́ sókè.